Èéfín Tó Wà Nínú Ìró Màámi

Màámi mọ ẹja. Gbogbo Ìlàjẹ tó wà ní Bàrígà ló mọ̀ wọ́n mọ́ ẹja. Ọmọ́ṣaléwá lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n èmi Àbáyọ̀mí ni àkọ́bí, torí náà Ìyá Àbáyọ̀mí ni àwọn èèyàn ń pè wọ́n. Wọ́n kú lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Nígbà tí a fẹ́ sin wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì ní ká kọ ìtàn ayé wọn wá fún ìwé ètò ìsìnkú. A kọ ọ́. Ṣómólú la ti tẹ̀ ẹ́, ojú ewé kan péré, àwòrán Màámi wà lókè. Ìlú tí wọ́n bí wọn sí, ọdún tí wọ́n lọ́kọ, iye ọmọ tí wọ́n bí. Mo kà á lórí ìdúró nídìí sàréè. Ohun tó nira jù tí Màámi ṣe láyé wọn kò sí níbẹ̀. Mi ò kàwé lọ títí. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe, torí náà mo kọ ọ́.

Ẹja yíyan ni iṣẹ́ Màámi. Ìyá wọn ló kọ́ wọn kí wọ́n tó wá sí Èkó láti etíkun Oǹdó. Wọ́n ní àtíbàbà kan lẹ́yìn ilé pákó wa létí ọ̀sà. Àgbá irin mẹ́ta tí wọ́n gé ló wà níbẹ̀, wáyà tẹ́ lórí wọn. Àjákù pákó láti ilé ìlagi Òkòbàbá la fi ń dáná. Màámi kì í jẹ́ kí iná náà jó fòò. Èéfín ni wọ́n ń fẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹja ti gbẹ, wọn kì í wò ó. Wọ́n á gbé e sétí, wọ́n á fi èékánná kàn án. Tó bá dún kókókó, ó ti tó. Tí kò bá dún, omi ṣì wà nínú ẹ̀, wọ́n á dá a padà sórí wáyà.

Ìtùnú ni àbíkẹ́yìn wa. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni lọ́dún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Ó ti ń wúkọ́ láti kékeré. Tí ikọ́ náà bá mú un, èjìká ẹ̀ á máa lọ sókè sódò, àyà ẹ̀ á máa súfèé. Kò ní lè sọ̀rọ̀ kan tán. Á ní “Màá,” á dúró mí, á ní “mi.”

Ikọ́ fée ni. Gbogbo èèyàn mọ orúkọ ẹ̀. Ohun tó ń fà á ni kálukú ń sọ tiẹ̀. Bàbá ní omi tútù tó ń mu ni. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní eruku ẹsẹ̀ aráyé ni. Ìyá Fuad ní aràn ni. Rùkáyátù lorúkọ Ìyá Fuad, ará Abẹ́òkúta, Mùsùlùmí. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Abúlé Òkúta, ọ̀rẹ́ Màámi ni wọ́n.

Màámi kì í ṣe òpè. Wọ́n rò ó fúnra wọn. Wọ́n gbé etí lé ẹ̀yìn Ìtùnú bí wọ́n ṣe ń gbé ẹja sétí, wọ́n gbọ́ tí nǹkan ń hó nínú lọ́hùn-ún.

“Omi ni,” Màámi wí. “Òtútù ọ̀sà yìí ló wọ̀ ọ́ láyà tó di omi. Ohun tó ń fa omi kúrò lára ẹja, á fà á kúrò láyà ọmọ.”

Wọ́n bá tẹ́ ẹní sínú àtíbàbà. Wọ́n fi òrí ra Ìtùnú láyà, wọ́n wọ súẹ́tà fún un, wọ́n ní kó jókòó síbi tí èéfín ń gbà kọjá, kó máa fà á símú díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀. Ojú ẹ̀ á pọ́n, imú ẹ̀ á máa dà. Màámi á ní, “O rí i? Omi yẹn ti ń jáde.”

Mo ti fi iléèwé sílẹ̀ nígbà yẹn, mò ń bá àwọn oníyanrìn wa yanrìn nínú ọ̀sà. Tí mo bá délé, èmi ni mò ń fi pákó kún iná. Mo máa ń ronú sí pákó yẹn báyìí.

Bí ikọ́ náà ṣe ń le sí i ni Màámi ń fi kún èéfín. Àwọn tó wá ra ẹja máa ń yìn wọ́n. Wọ́n á ní, “Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ìyá Àbáyọ̀mí.” Ìyá Fuad nìkan ló máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ lò ń tọ́ àbí ẹja lò ń yan?”

“Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Súìtì tó ò ń fún un ní ṣọ́ọ̀bù ẹ ló ń ba àyà ẹ̀ jẹ́.”

“Súìtì kan ṣoṣo! Látọdún iléyá! Ó ti wá di èmi báyìí?”

“Ìwọ ni. Ta tún ni?”

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ìtùnú náà á fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ á gbà á lẹ́nu ẹ̀.

Lóṣù keje ọdún tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀sà kún, ó wọlé. Àgbá ẹja ń léfòó, pákó rin gbindin. Bàbá wà lójú omi níbi tí wọ́n ti ń pẹja. Mo gbé Ìtùnú kọ́ ọrùn, Màámi ru ẹrù, a lọ sọ́dọ̀ Ìyá Fuad. Yàrá kan ni wọ́n ní. A há ara wa mọ́bẹ̀.

Ẹ̀rù ń ba Màámi. Súẹ́tà ti bómi lọ. Orí sìmẹ́ńtì ni Ìtùnú ń sùn. Òtútù wà níbi gbogbo. Lọ́jọ́ kẹta, òun àti Fuad sá jáde lọ wẹ òjò. Màámi fa etí ẹ̀ wọlé, wọ́n nù ún, wọ́n jókòó tì í. Wọ́n ń retí ikọ́. Ikọ́ ò dé.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Màámi pè mí.

“Àbáyọ̀mí, wá gbọ́ ẹ̀yìn ọmọ yìí.”

Mo gbé etí lé e. “Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Màámi.”

“Èmi náà ò gbọ́.”

Inú wọn ò dùn. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo òjò. Wọ́n ní, “Òtútù rèé. Òjò rèé. Kò sí súẹ́tà. Kò sí iná. Kí ló dé tí kò wúkọ́?”

Ìyá Fuad gbé abọ́ ẹ̀bà kalẹ̀. “Ẹ gbà mí lọ́wọ́ obìnrin yìí o! Ṣé o fẹ́ kó wúkọ́ ni? Jẹun jàre.”

Màámi ò jẹun.

A lo ọjọ́ mẹ́tàlá. Omi fà, a padà sílé. Mo sá pákó sóòrùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Màámi dáná. Wọ́n wo ẹní Ìtùnú títí. Lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ́ ẹ síbi tó máa ń wà. Mo rí i pé wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ. Mo fi pákó kún iná.

Ẹja àkọ́kọ́ ò tíì yí àwọ̀ tí ikọ́ náà fi dé. Kò dé bẹ́ẹ̀ rí. Ìtùnú di wáyà mú, ó la ẹnu, kò sí ohùn. Ètè ẹ̀ ṣú. Mo gbé e sẹ́yìn, mo sáré já sí títì. Ọlọ́kadà kan gbé wa. Màámi ń sáré bọ̀ lẹ́yìn láìwọ bàtà.

Ní ilé ìwòsàn ìjọba, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Fọlọ́runṣọ́ ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi ike kan bo imú àtẹnu ẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń fọ́n nǹkan funfun sínú ẹ̀.

Màámi dé, wọ́n ń mí gúlegúle. “Nọ́ọ̀sì, èéfín kọ́ nìyẹn?”

“Oògùn ni, Màmá. Oògùn olómi ni wọ́n ń fọ́n wẹ́wẹ́ báyẹn.”

“Omi? Omi lẹ̀ ń fọ́n sí i láyà?”

“Ẹ jókòó, Màmá.”

Nígbà tó yá, àwọ̀ ètè Ìtùnú padà. Èjìká ẹ̀ rọlẹ̀. Ó sùn. Nọ́ọ̀sì mú bírò.

“Kí lẹ ṣe fún un nílé?”

Màámi kà á fún wọn: òrí, súẹ́tà, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, èéfín.

Nọ́ọ̀sì gbé bírò kalẹ̀. “Èéfín?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Kí omi àyà ẹ̀ lè gbẹ.”

Mo rò pé wọ́n máa pariwo mọ́ Màámi. Wọn ò pariwo. Wọ́n di ọwọ́ wọn bí ìgbà tí èèyàn bá fún ọrùn àpò pọ̀. “Kì í ṣe omi ló ń dún yẹn, Màmá. Ọ̀nà tí èémí ń gbà wọlé ló ń fún báyìí. Tí èéfín bá dé ibẹ̀, ṣe ló tún máa fún sí i.”

Màámi ń wo ọwọ́ náà. Wọ́n ní, “Ọjọ́ mẹ́tàlá la lò ní Abúlé Òkúta. Òjò pa á. Kò wúkọ́. Ọ̀sán òní la dáná.”

“Ẹ ti mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn.”

“Mo mọ̀ ọ́n,” Màámi wí. “Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n ni.”

Nọ́ọ̀sì dìde. Wọ́n mú ìnhélà wá, èyí tí wọ́n ń fọ́n sẹ́nu, wọ́n fi bí a ṣe ń lò ó hàn wá. Màámi ò fẹ́ gbà á.

“Wọ́n ní tí èyí bá ti mọ́ ọmọ lára, kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́.”

“Ta ló ní bẹ́ẹ̀?”

“Gbogbo èèyàn.”

“Màmá, atẹ́gùn náà ti mọ́ ọn lára. Kò sì ní lè fi í sílẹ̀.”

Màámi wo nọ́ọ̀sì náà láti òkè délẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n, wọn ò rín. Wọ́n gba ìnhélà.

Bàbá dé láti ojú omi lọ́sẹ̀ yẹn. Ikúmápàyí lorúkọ Bàbá. Ohùn wọn tóbi. Nígbà tí Màámi sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, Bàbá rẹ́rìn-ín.

“Ìyá tèmi yan ẹja. Ìyá tìẹ yan ẹja. Inú èéfín ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Èwo ló kú nínú wa?”

“Àwa tí a ò kú nìkan lẹ̀ ń kà, Bàbá Àbáyọ̀mí.”

“Kí lò ń sọ?”

“Ọmọ tí ìyá mi bí tẹ̀ lé mi. Nídìí ààrò ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí. Ikọ́ ló pa á. Wọ́n ní òtútù ni.” Màámi tún ní, “Mo rántí bó ṣe ń súfèé.”

Bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n jáde lọ tún àwọ̀n wọn ṣe.

Ṣùgbọ́n Màámi ò lè fi ẹja yíyan sílẹ̀ lójijì. Òun là ń jẹ. Wọn ò mọ iṣẹ́ míì. Wọ́n mú Ìtùnú lọ sọ́dọ̀ Ìyá Fuad kó máa gbé ibẹ̀. Ìyá Fuad ní, “Gbé e wá. Ṣùgbọ́n màá fún un ní súìtì o.” Màámi ní, “Fún un ní méjì.”

Nígbà tí Màámi kọ́kọ́ lọ kí i, ìdí àgbá ni wọ́n ti gbéra. Èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ìtùnú sáré jáde, ó rọ̀ mọ́ wọn, ó fi ojú pamọ́ sínú ìró wọn. Ó pẹ́ díẹ̀. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Kò kọ́kọ́ yé Màámi. Wọ́n gbé etí ìró sókè, wọ́n gbóòórùn èéfín lára ẹ̀. Wọ́n bá ti ọmọ náà kúrò lára.

Ìtùnú bú sẹ́kún. “Màámi, kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Lọ jókòó sọ́hùn-ún.”

Ọ̀hún ló jókòó sí. Ìhín ni Màámi jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ títí a fi lọ.

Látìgbà yẹn, tí Màámi bá débẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ tí wọ́n kó síbẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ó dín ikọ́ náà kù. Kò tán. Èéfín ṣì wà nínú irun wọn. Ọṣẹ kankan ò ràn án. Bí mo ṣe dé lọ́jọ́ kan, mo bá Màámi tí wọ́n ti gé irun wọn mọ́lẹ̀. Gbogbo etí ọ̀sà ń sọ ọ́. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń yan ẹja ké sí mi láti ọ̀ọ́kán.

“Àbáyọ̀mí, kí ló ṣe bàbá ẹ? Ṣé kì í ṣe pé Ikúmápàyí ti di olóògbé, ẹ ò sọ fún wa?”

“Bàbá mi wà láàyè, mà.”

“Kí wá nìyá ẹ ń fárí fún?”

 Mo bá tèmi lọ.

Lẹ́yìn Kérésì ni èyí tó kẹ́yìn ṣẹlẹ̀. Màámi wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ mímọ́, orí wọn ń dán. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n na ọwọ́. Ìtùnú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò kúrò níbẹ̀. Ó ń wo ojú wọn.

Ó ní, “Ṣé kí n wá?”

Ọmọ ọdún méje. Ó ń gbàṣẹ kó tó lè dì mọ́ ìyá ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti Màámi padà sétí ọ̀sà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí n tú wáyà kúrò lórí àgbá. Mo ní èwo? Wọ́n ní gbogbo ẹ̀. Wọ́n pe àwọn obìnrin tó kù létí omi, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá gbé. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àtíbàbà ti ṣófo.  Iṣẹ́ ìyá wọn ni Màámi pín fáwọn èèyàn yẹn.

A kúrò létí ọ̀sà, torí èéfín àwọn tó kù ṣì ń fẹ́ wọlé. A gba yàrá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Ìyá Fuad. Bàbá kùn fún oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ lé wa.

Ikọ́ fée náà ò lọ pátápátá. Ìtùnú ti pé mẹ́tàlá báyìí, ó ṣì ń mú un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìnhélà ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Màámi lọ bá tíṣà ẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé ikọ́ fée ń ṣe ọmọ àwọn. Àwọn kan ní kí wọ́n má sọ ọ́, pé ta ló máa fẹ́ ẹ tó bá dàgbà. Màámi ní kó kọ́kọ́ dàgbà ná.

Látìgbà tí wọ́n ti kú, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ta ẹja tútù ni mò ń rántí jù. Wọ́n ra ẹja ní ìdájí lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ̀sà bọ̀, wọ́n gbé e lọ sí Fádèyí. Wọn ò mọ ẹja tútù. Ẹja yíyan máa ń dúró de oníbàárà fún oṣù kan. Èyí kì í dúró. Wọn ò fi yìnyín sí i, wọn ò bò ó dáadáa. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ojú ẹja ti funfun. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ sí i.

“Màmá, ẹja yín yìí, ó jọ pé ojú ń dùn ún.”

“Kì í ṣe ojú ẹ̀ lo fẹ́ sè.”

“Imú mi ni mo fẹ́ dáàbò bò, Màmá. Ó dàárọ̀.”

A gbé ìlàjì ẹja náà padà wálé. Ó ti bàjẹ́. Eṣinṣin tẹ̀ lé wa láti títì. Omi ẹja ti dà sí Màámi láti àyà dé ẹsẹ̀. Bó ti mọ́ wọn lára, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kọrí sí kí wọ́n lọ wẹ̀ ná. Ìtùnú jáde láti ẹnu ọ̀nà. Kò béèrè. Ó fò mọ́ wọn lọ́rùn.

Màámi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọn ò fọwọ́ kàn án. Èmi náà dúró pẹ̀lú agbada ẹja lórí. À ń retí ikọ́.

Kò sí nǹkan kan. Ìtùnú gbé ojú kúrò láyà wọn.

“Màámi, ẹ̀ ń rùn.”

“Kí ni mò ń rùn?”

“Ẹja tó ti kú tipẹ́.”

Màámi rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, tàwọn tomi ẹja lára wọn, wọ́n di ọmọ náà mú pinpin. Ìyá Fuad yọrí láti ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹja ò tà, o jókòó sílẹ̀ ò ń rẹ́rìn-ín? Ṣé o ti ya wèrè ni?”

Màámi tún bú sẹ́rìn-ín. Ìtùnú náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn, kò sì dúró mí láàárín ẹ̀.